Ta Ló Gba Rélùwéè Lọ́wọ́ Ará Oko?

Ní Adégbayì wa níbí, bí o bá ní o fẹ́ wọ rélùwéè, Mọ́níyà ni wọn yóò ní kí o lọ. Wàá wọkọ̀ dé Ìwó Róòdù, wàá tún wọ òmíràn dé Òjóò, kó tó wá kan Mọ́níyà. Ìlọsíwájú ni wọ́n ń pe èyí. Èmi kò gbà.

Ojú irin tóóró àtijọ́, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1067, ti so Èkó pọ̀ mọ́ Ìbàdàn láti 1901. Nígbà tó fi máa di 1907, ó ti dé Òṣogbo. Ó gba Lálúpọn ní Lágelú kọjá, ó gba Ìwó, ó gba Ẹdẹ. Lálúpọn ni ìyá ìyá mi ti máa ń wọ̀ ọ́, tòun ti agbọ̀n obì àti àpò gààrí. Màmá sọ pé nígbà mìíràn ọkọ̀ á pẹ́ títí, wọn á jókòó sórí ẹrù, wọn á máa jẹ ẹ̀pà. Ṣùgbọ́n bó bá dé, gbogbo ẹrù ló ń wọlé, owó rẹ̀ kò sì pọ̀.

Wọ́n pa á lára díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣí ní 1978, ọkọ̀ akẹ́rù gba iṣẹ́, ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú irin gbó, kò sẹ́ni tó náwó lé e. Ní 10 oṣù kẹfà 2021 ni wọ́n ṣí ojú irin gbígbòòrò tuntun, kìlómítà 157. N kò bú u o. Mo ti wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tutù, ó mọ́. Àmọ́ Mọ́níyà ló ti ń yí padà sí Èkó. Kò mọ ọ̀nà Lálúpọn.

Àwọn kan ní kò sẹ́ni tó tún fẹ́ ti àtijọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba Ọ̀ṣun fi kó èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ láti Èkó dé Òṣogbo lórí rẹ̀ nígbà Iléyá àti Kérésìmesì. Àwọn wo ló wà nínú ọkọ̀ náà, iwin ni? Wọ́n tún ní ó ń fà. Ata inú agbọ̀n kì í bínú pé ọkọ̀ ń rọra rìn. Kí ọkọ̀ má wá rárá ló ń ba ata jẹ́.

Tẹ́lẹ̀, ìpínlẹ̀ a máa ní ọ̀rọ̀ ojú irin, ti Àbújá ni. Ní oṣù kẹta 2023, wọ́n tún òfin ìpìlẹ̀ ṣe, wọ́n fún ìpínlẹ̀ náà láṣẹ lórí ọ̀rọ̀ ojú irin. Àwáwí yẹn ti tán. Kí Ìbàdàn àti Òṣogbo jókòó pẹ̀lú Àbújá, kí wọ́n fún wa ní ọkọ̀ kan péré lọ́jọ́ ọjà, tó ní yàrá èrò méjì àti yàrá ẹrù kan, tí yóò máa dúró ní abúlé. N kò béèrè fún ẹ̀rọ amúlétutù.

Ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn owó ọkọ̀ ni Màmá fi ń bá wọn ra ìwé fún mi. Agbọ̀n obì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yìn ọ̀kadà ló ń gùn báyìí, wọ́n á fi rọ́bà dè é, àwọn fúnra wọn á sì jókòó há sáàárín òun àti ọlọ́kadà.