Ọ̀tún Ta Ni, Òsì Ta Ni?

Ó ti di àṣà ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pé bí olùkọ́ bá ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, tí ó sì gbé òsì, pàṣán ni yóò kọ́kọ́ dá a lóhùn. Wọn a ní olódo ni, wọn a ní kò mọ ọwọ́ tí ó fi ń jẹun. Àwọn tí ó ń gbèjà àṣà yìí a máa sọ pé ohun tí ọmọ ti mọ̀ nídìí àwo ọbẹ̀ kò yẹ kí ó ṣòro fún un ní kíláàsì. Àwọn gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí.

Kí ni ó dé tí òkè àti ilẹ̀ kì í rú ẹnikẹ́ni lójú? Ibi yòówù kí ènìyàn kọjú sí, òkè kò ní kúrò ní òkè. Iwájú àti ẹ̀yìn náà kò ṣòro, nítorí pé ojú kò jọ ìpàkọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì jọra bí ìbejì, bí ẹni tí ó ni wọ́n bá sì ti yí padà ni ọ̀tún rẹ̀ ń bá a yí. Ẹ wo olùkọ́ tí ó dúró níwájú kíláàsì: ó gbé ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ sókè, ó ní, "Èyí ni ọ̀tún." Ọmọ tí ó kọjú sí i wo ọwọ́ náà, ó gbé èyí tí ó wà ní ìhà kan náà pẹ̀lú rẹ̀, òsì sì ni. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ó ṣe. Nínú àwọn méjèèjì, ta ni pàṣán tọ́ sí?

Jean Piaget, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ti kọ ọ́ sínú ìwé ní 1924 pé ọmọ a máa mọ ọ̀tún àti òsì ara rẹ̀ fún ọdún mélòó kan kí ó tó lè mọ ti ẹni tí ó kọjú sí i. Orúkọ ọkùnrin yìí kò ṣàjèjì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni. Wọ́n ń há a sórí fún ìdánwò, wọ́n sì ń gbàgbé rẹ̀ ní gbàrà tí wọ́n bá di pàṣán mú. Ti ọmọ ọlọ́wọ́ òsì tilẹ̀ tún burú jù. Wọ́n gba ọwọ́ tí ó yá a lára lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n wá ń fi ọwọ́ ìjẹun ṣe òṣùwọ̀n fún un.

Ṣé àwọn àgbà mọ̀ ọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ? Yorùbá ní ènìyàn kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba rẹ̀. Nítorí náà, bí àlejò bá béèrè ọ̀nà, àgbà a na ọwọ́ ọ̀tún kọjá àyà rẹ̀ láti fi júwe apá òsì. Bí ó bá sì kọjú sí àlejò, tí ó ní kí ó yà sí ọ̀tún, ọ̀tún ti ara rẹ̀ ni ó ń sọ. Àlejò yóò ṣìnà, wọn yóò sì pè é ní ará oko.

Àwọn baba ńlá kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ní Ìbàdàn, Ọ̀tún Balógun wà, Òsì Balógun wà. Kò sí ẹni tí yóò béèrè pé ọ̀tún ta ni, nítorí pé oyè náà ti dárúkọ ẹni tí ó ni ín. Àwọn dókítà oníṣẹ́-abẹ pàápàá kò gbójú lé ọpọlọ wọn nìkan: láti 2008 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n rí i dájú pé a ti sàmì sí ibi tí wọn yóò là kí ọ̀bẹ tó kàn án.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, àwọn awakọ̀ Nàìjíríà fi apá òsì títì sílẹ̀, wọ́n bọ́ sí ọ̀tún. Àgbà tí ó ti ń wakọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀ ní láti tún ọwọ́ àti ojú rẹ̀ kọ́. Bí ó bá tọ́ kí àgbà ní àkókò láti kọ́ ọ, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́fà?

Kí olùkọ́ kọjú sí pátákó bí àwọn ọmọ ti kọjú sí i, kí ó tó gbé ọwọ́ sókè. Àwọn kan yóò ní olùkọ́ kò gbọdọ̀ kẹ̀yìn sí kíláàsì. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kẹ̀yìn sí i bí wọ́n bá ń kọ ìṣirò.