Ọ̀bẹ Kì í Mú Kí Ó Gbẹ́ Èèkù Ara Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín ni ó kọ́kọ́ pa wá.

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, orí ń fọ́ mi, mo sì gba ilé ìwòsàn kan lọ ní agbègbè Òkè-Ògùn wa yìí. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, n kò sì ní dárúkọ dókítà, nítorí ọ̀rẹ́ mi ni. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó jẹ́ 152 lórí 96. Ó mi orí, ó ní, "Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ń ru. Ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ dín oúnjẹ alẹ́ kù, kí ẹ sì wá nǹkan ṣe sí ikùn yìí." Mo wo ikùn tèmi, mo wo tirẹ̀ tí ó ti kan etí tábìlì. Mo ní, "Dókítà, mo ti gbọ́. Tiyín ń kọ́?"

Nọ́ọ̀sì àgbà tí ó dúró tì wá bú sẹ́rìn-ín. Dókítà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í pé ìgbà wo ni wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ gbẹ̀yìn, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ó ti tó ọdún mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì àgbà kò bá a ṣàwàdà mọ́. Ó ní, "Dókítà, ẹ ká ọwọ́ aṣọ yín sókè." Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó dúró díẹ̀, ó tún un wọ̀n: 178 lórí 112. Yàrá náà dákẹ́ rọ́rọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni ọkùnrin náà.

Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé alágàbàgebè ni ọ̀rẹ́ mi. Ẹ gbọ́ bí ọjọ́ rẹ̀ ti ń rí. Agogo márùn-ún ni ó ń jí. Búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan ni ó ń jẹ nínú ọkọ̀. Láti agogo mẹ́jọ títí di mẹ́rin, orí àga ni ó wà, tí aláìsàn kan ń wọlé tí òmíràn ń jáde. Bí iṣẹ́ abẹ bá dé, ó di alẹ́. Agogo mẹ́sàn-án ni ó tó jẹ oúnjẹ gidi, ẹ sì mọ oúnjẹ tiwa: àmàlà gbígbóná, gbẹ̀gìrì, ẹran ọlọ́ràá. Kò tíì dà nínú rẹ̀ tí ó fi sùn. Ní agogo kan òru, wọ́n a tún kan ilẹ̀kùn: aboyún ń rọbí. Ẹni tí kò bá sùn tó, ebi a máa pa á ju bí ó ti yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a sì máa ru. Òun nìkan kọ́. Ìwádìí láàrin àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà ti fi hàn léraléra pé ìsanra àsanjù àti ẹ̀jẹ̀ ríru wà láàrin wọn, àti pé àwọn mìíràn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà lára àwọn.

Ṣùgbọ́n àwa ará ìlú náà lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi pé nígbà kan òun gbìyànjú láti máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí ibi iṣẹ́. Kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ. Ní ọjọ́ kìíní, ẹni mẹ́fà dá a dúró pé, "Dókítà, ṣé mọ́tò bàjẹ́ ni?" Ọlọ́kadà mẹ́ta fẹ́ gbé e lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti ń sọ ní ọjà pé wọn kò san owó oṣù fún un, pé ó ti ta ọkọ̀ rẹ̀. Ó padà sínú ọkọ̀. Nígbà tí ikùn rẹ̀ wá yọ, àwa kan náà ni a ń kí i pé, "Dókítà, ayé yẹ yín o!" Bí a bá pè é sí ìkómọ, abọ́ tirẹ̀ ni a ń kó ẹran sí jù. Ọ̀wọ̀ ni a rò pé a ń bù fún un.

Kí ni ìsanra ń ṣe fún ọkàn? Ọ̀rá tí ó léwu jù kì í ṣe èyí tí ó wà lábẹ́ awọ, bí kò ṣe èyí tí ó wà nínú ikùn lọ́hùn-ún, tí ó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká. Ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru, ó ń ṣílẹ̀kùn fún àtọ̀gbẹ, ó sì ń mú kí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ máa dí. Ẹ wo ẹni tí ń gún iyán. Bí iṣẹ́ náà bá pọ̀, apá rẹ̀ a ki, a le. Ṣùgbọ́n bí kò bá sinmi, apá náà a rọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọkàn tí ń ti ẹ̀jẹ̀ gba ọ̀nà tóóró. Ó sì lè má dun olúwarẹ̀ rárá títí di ọjọ́ tí yóò ṣubú. Orí tí ń fọ́ mi gan-an, dókítà ní ó lè má jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó fà á.

Àwọn kan yóò ní 150 kì í ṣe nǹkan fún àgbàlagbà. Lóòótọ́, nínú ìwádìí ńlá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladipo Akinkugbe ṣe olórí rẹ̀ ní Nàìjíríà, tí ó jáde ní 1997, 160 lórí 95 ni wọ́n fi ṣe ààlà. Lónìí, 140 lórí 90 ni.

Ní 1953, dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jeremy Morris, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní Lọ́ńdọ̀nù. Awakọ̀ jókòó láti àárọ̀ di alẹ́. Kọ̀ndọ́kítọ̀ ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè sódò láti gba owó. Ọkọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n àrùn ọkàn mú awakọ̀ ju kọ̀ndọ́kítọ̀ lọ. Morris gba ẹ̀kọ́ náà fún ara rẹ̀, ó ń ṣe eré ìdárayá títí di ọjọ́ ogbó. Ẹni ọdún 99 ni nígbà tí ó kú ní 2009. Ẹ̀yin ìyálọ́jà tí ẹ jókòó ti ìsọ̀, ẹ̀yin tíṣà tí ọ̀kadà ń gbé lọ gbé bọ̀, ẹ bi ara yín: ṣé awakọ̀ ni yín, tàbí kọ̀ndọ́kítọ̀?

Ọ̀rọ̀ dókítà kì í ṣe ti dókítà nìkan. Ní 2025, Mínísítà ètò ìlera, Muhammad Ali Pate, sọ pé ó ju 16,000 dókítà lọ tí ó ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàrin ọdún márùn-ún sí méje. Ẹrù àwọn tí ó lọ ti wá sí orí àwọn tí ó kù. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, dókítà ọ̀dọ́ kan ní Èkó ṣubú lulẹ̀, ó sì kú. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ní ó ti fi wákàtí 72 ṣiṣẹ́ ṣáájú. N kò sọ pé ìsanra ni ó pa á. Ohun tí mo ń sọ ni pé ènìyàn ni dókítà. Ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn, bí dókítà kan bá ṣubú lónìí, aboyún tí yóò rọbí lóru òní ń kọ́? Ọ̀nà Ìbàdàn jìn.

Nítorí náà, ẹ gba òwú gígùn kan lọ́wọ́ ahunṣọ, irú èyí tí àwọn ará Ìsẹ́yìn fi ń hun aṣọ òkè. Ẹ fi wọn gíga yín láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí, kí ẹ gé e, kí ẹ ká a sí méjì, kí ẹ sì fi yí ikùn yín ká lókè ìdodo díẹ̀. Bí orí òwú méjèèjì bá pàdé, ó dára. Bí kò bá pàdé, iṣẹ́ ti dé. Tèmi kò pàdé. Ẹ rìn kíákíá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, bíi ṣíbí kékeré kan péré, ti inú màgí sì wà nínú ìṣirò náà. Ẹni tí wọ́n bá fún ní oògùn, kí ó má ṣe dá a dúró nítorí pé ara yá.

Ní ti dókítà yín, bí àìsàn bá lè dúró di òwúrọ̀, ẹ jẹ́ kí ó sùn. Bí ẹ bá fẹ́ dúpẹ́, ẹ mú ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ lọ fún un. Bí ẹ bá sì rí i tí ó ń fẹsẹ̀ rìn, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ọ̀rẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ oògùn, ó sì ti padà sí ìrìn rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni nọ́ọ̀sì àgbà ń wọ̀n ọ́n kí aláìsàn kankan tó wọlé. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí 148. Kò tíì dé ibi tí a ń lọ. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, èmi àti òun jọ ń rìn ni. Ẹnì kan sì bi wá lọ́sẹ̀ tó kọjá bóyá mọ́tò àwa méjèèjì ni ó bàjẹ́. Dókítà dá a lóhùn pé, "Mọ́tò kò bàjẹ́ o. Ẹ́ńjìnnì tí ó wà nínú àyà wa ni a ń tún ṣe."

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.