Orúkọ Wa Wà Nínú Àpò Ẹ̀wà

Ẹ̀yin ará wa, ní oṣù kẹfà ọdún 2015 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà nítorí oró oògùn kòkòrò. Ní 2016, wọ́n fi ọdún 3 kún un. Wọn kò béèrè ẹni tó da oògùn sí i. Gbogbo Nàìjíríà ló jẹ̀bi, àti àgbẹ̀ tí kò lo oògùn rárá.

A bẹ ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ má da ọ̀tápiápiá sí ẹ̀wà. Bí ó bá gbẹ tán, ẹ dà á sínú àpò ọ̀rá méjì tí àpò kẹta bò, kí ẹ so wọ́n le. Kòkòrò kì í yè láìsí afẹ́fẹ́.

Àlejò ni wá ní Khaddamari. Ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ wa ba orúkọ oko onílé jẹ́.