Ẹ Jẹ́ Kí Ẹsẹ̀ Ọmọ Tẹ Ilẹ̀

 Ọ̀rọ̀ bàtà ọmọdé ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Bí a bá pé jọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, a máa ń rí ọmọ tí kò tí ì lè dá dúró, tí wọ́n ti ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú bàtà tó le bí pákó. Bí ìyá kan bá sì jẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀, kì í pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi béèrè pé: “Ṣé ọmọ yìí kò ní bàtà ni?” Èrò tèmi ni pé ìyá tí à ń bá wí yẹn ló gbọ́n jù.

Egungun 26 ló wà nínú ẹsẹ̀ àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan. Ti ọmọ tuntun kò tí ì le. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì rọ̀ bí etí wa yìí ti rọ̀. Ọ̀rá ló kún àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi rí pẹlẹbẹ. Bí ọmọ bá ṣe ń rìn, tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú, bẹ́ẹ̀ ni iṣan ẹsẹ̀ náà ń lágbára, tí àárín àtẹ́lẹsẹ̀ sì ń gbé sókè díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ yìí kan náà ló ń sọ fún ọmọ bóyá ilẹ̀ ń yọ̀ tàbí ó dagun. Bàtà líle a máa dí i lẹ́nu.

Ní ọdún 1992, àwọn dókítà méjì ní ilẹ̀ Íńdíà, Rao àti Joseph, tẹ ìwádìí wọn jáde lórí ọmọ 2,300, láti ọmọ ọdún 4 dé 13. Nínú àwọn tó ń wọ bàtà, bíi 9 nínú 100 ló ní ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ. Nínú àwọn tí kì í wọ̀ ọ́, wọn kò pé 3. Òótọ́ ni pé ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ kì í sábà pa ènìyàn lára. Ṣùgbọ́n NHS ìlú tí a wà yìí náà ń sọ fún àwọn òbí pé ọmọ kò nílò bàtà gidi títí yóò fi lè dá rìn.

Kí a má fi àwọn òbí wa ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ìdí wà tí wọ́n fi fẹ́ràn bàtà. Nílé, aràn kan wà nínú ilẹ̀ tí ìgbẹ́ ènìyàn ti bà jẹ́, tí ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọ ara lọ, tí ó sì ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun. Ìṣó wà, àfọ́kù ìgò wà. Lẹ́yìn èyí, bàtà ni àmì pé ọmọ ní ẹni. Nígbà tí Goodluck Jonathan jáde láti du ipò ààrẹ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, ohun tó fi júwe ìṣẹ́ ìgbà èwe rẹ̀ ni pé òun kò ní bàtà nígbà tí òun ń lọ sí ilé-ìwé. Ó yé gbogbo ènìyàn láìsí àlàyé.

Ṣùgbọ́n nínú yàrá tí a tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí ní Peckham, aràn wo ló wà níbẹ̀? Ìdí ti kù sílé, bàtà nìkan ló bá wa wọ ọkọ̀ òfurufú. Bí a bá mú ọmọ lọ sílé, níbẹ̀ gan-an ni kí a wọ bàtà fún un bó bá ń jáde sí ẹ̀yìnkùlé.

Ní ti ìtìjú, ẹ wo àwọn ọmọ Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá, tí wọn kì í wọ bàtà pẹ̀lú aṣọ funfun wọn. Ta ló ń pè wọ́n ní tálákà? Mùsùlùmí ń bọ́ bàtà kí ó tó kírun. Nígbà tí àwọn baba wa bá sì bi Ifá léèrè nípa ọmọ tuntun, ẹsẹ̀ńtáyé ni wọ́n ń pè é. Wọn kò pè é ní bàtàńtáyé.

Àwọn ìyá wa yóò ní òtútù á mú ọmọ. Kòkòrò tí ojú kò rí ló ń fa ọ̀fìnkìn, kì í ṣe ilẹ̀. Síbẹ̀, bí ilé bá tutù, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tí kì í yọ̀ fún un. Bí ẹ bá ń jáde, ẹ wọ bàtà tó rọ̀, tó gba ọmọ ìka láyè, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lemọ́lemọ́, nítorí ẹsẹ̀ ọmọ kì í dúró de ìgbà tí owó bá dé láti ilé.

Ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ fún kò pọ̀. Nígbà mìíràn tí a bá háyà gbọ̀ngàn, ẹ jẹ́ kí a gbá igun kan mọ́, kí a wò ó dáadáa bóyá àfọ́kù ìgò wà níbẹ̀, kí a tẹ́ ẹní sí i, kí àwọn tí kò tí ì pé ọdún 3 máa ṣeré níbẹ̀ láìwọ bàtà. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ojú tálákà wo ìyá wọn.