Ẹ Yéé Wá Ráìmù Kiri

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ará Ọ̀jọ́ l'Ékòó kò mọ ohun tí à ń pè ní orin. Ọjà Alábà tó wà níbẹ̀ ni káséètì àti síídì ti ń jáde lọ sí gbogbo Nàìjíríà kí fóònù tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àṣà kan ti gbilẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ orin lédè Yorùbá, láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà àti Okokomaiko. Wọ́n á kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ tó parí sí fáwẹ̀lì kan náà jọ sínú fóònù, ìgbà tí wọ́n bá tò ó tán ni wọ́n tó máa ronú ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Iṣẹ́ òfo ni. Ráìmù tí wọ́n ń wá kiri yẹn kò ṣe Yorùbá lóore, orin gan-an ló ń bàjẹ́.

Ẹ wo bí èdè yìí ṣe rí. Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ń parí sí kọ́ńsónáǹtì. Fáwẹ̀lì àìránmúpè jẹ́ méje péré, àwọn aránmúpè kò sì tó bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ méjì parí síbi kan náà kì í ṣe àrà. Ibo ni wọn ì bá tún gbà? Ìparí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kún fún oríṣiríṣi kọ́ńsónáǹtì, ìdí nìyẹn tí inú olùgbọ́ fi ń dùn bí akéwì bá rí méjì tó dọ́gba, tí wọ́n sì fi ń ṣe ìwé atọ́ka ráìmù fún wọn. Bí ẹnì kan bá kọrin pé “Mo délé, mo rí màmá, mo jókòó, mo jẹ ẹja,” á ní òun ti ráìmù. Etí Yorùbá kò gbọ́ ìbáramu kankan níbẹ̀: “má” lọ sókè, “ja” dúró láàárín. Ẹ wá gbọ́ èyí tí mo fi ọ̀nà Àgbádárìgì ṣe: “Ọ̀nà ò jìn, ọkọ̀ ni ò rìn, ọkọ̀ ò bàjẹ́, ọ̀nà ló bàjẹ́.” (Ará Okokomaiko ò ní béèrè ìtumọ̀. Rélùwéè tí wọ́n ṣí ní 2023, Mile 2 ló dúró sí, kò dé ọ̀dọ̀ wọn.) Ọ̀nà àti ọkọ̀ gba ipò ara wọn, ẹ̀bi sì kúrò lọ́rùn ọ̀kan bọ́ sọ́rùn èkejì. Lóòótọ́, “jìn” àti “rìn” bára mu, ní fáwẹ̀lì àti ní ohùn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ ìyẹn kúrò, ọ̀rọ̀ náà ṣì dúró. Irú àrà yìí ni Ọlátúndé Ọlátúnjí tò kalẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ lórí ewì alohùn Yorùbá, tó jáde ní 1984: àwítúnwí, gbólóhùn tó dọ́gba, ìfọ̀rọ̀dárà, àti bí akéwì ṣe ń mọ̀ọ́mọ̀ yí ohùn padà kí gbólóhùn kejì lè dá èkíní lóhùn.

Wọ́n á ní rap ni àwọn ń ṣe, rap kò sì ṣeé ṣe láìsí ráìmù. Wọ́n á dárúkọ DaGrin, tó gbé àwo orin CEO jáde ní 2009, tó sì kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Mo gbà, DaGrin ráìmù. Ṣùgbọ́n ẹnu àdúgbò tó fi ń sọ̀rọ̀ ló mú un wọ àwọn èèyàn lára. Ọ̀pọ̀ tó tẹ̀ lé e kó ráìmù lọ, wọ́n fi ẹnu sílẹ̀. Ẹlòmíì á ní Háúsá náà jẹ́ èdè olóhùn, síbẹ̀ àwọn akéwì wọn ń ráìmù. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ni wọ́n ti gbà á, pẹ̀lú òṣùwọ̀n sílébù gígùn àti kúkúrú tó gbé ewì náà ró. Yorùbá kì í fi irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ ké ewì. Bí a bá tilẹ̀ fẹ́ fi ẹlòmíì ṣe àwòkọ́ṣe, àwọn ará Ṣáínà ló sún mọ́ wa jù. Nínú ewì elétò ìgbà Tang (618–907), ọ̀rọ̀ tó bá máa ráìmù gbọ́dọ̀ wà ní ìsọ̀rí ohùn kan náà. Fáwẹ̀lì nìkan kò tó wọn. Ní ti ẹni tó ń da pidgin pọ̀ mọ́ Yorùbá, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ ní Alábà, kó ráìmù pidgin rẹ̀ bó ṣe wù ú. Ibi tó bá ti yà sí Yorùbá, ohùn ló ni ibẹ̀.

Àtakò tó le jù ni pé orin kì í ṣe ọ̀rọ̀ sísọ, bíìtì á bo ohùn mọ́lẹ̀. Àwọn ìjọ ti dán ìyẹn wò ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọ́n ki ọ̀rọ̀ Yorùbá bọ inú ohùn orin òyìnbó, ìtumọ̀ sì ń dàrú lẹ́nu àwọn tó ń kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ bí ohùn orin ṣe gbọ́dọ̀ bá ohùn èdè rìn ni Ekundayo Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kristi l'Ékòó, gbé ìwé rẹ̀ Yoruba Music kà ní 1953. Gángan ò tilẹ̀ nílò ìwé. Kò ní fáwẹ̀lì, kò ní kọ́ńsónáǹtì, síbẹ̀ ó ń ki èèyàn, ẹni tó ń kì sì ń mọ̀ pé òun ni. Ráìmù kò lè gba ojú awọ kọjá. Nítorí náà, kí ẹni tó ń kọ orin ní Ìbà gbé ìlà rẹ̀ lọ bá onílù kó tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe bíìtì. Bí onílù bá lù ú tí etí kò mú nǹkan kan, kó pa á rẹ́ lórí fóònù, kó tún òmíràn kọ.