Ẹnìkan kì í dá gídígbò jà

1/ Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ Tai Chi lórí YouTube nínú yàrá, mo kí yín o. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹni tó ń dá a ṣe ò tíì mọ ìdajì ẹ̀.

2/ Ìdajì tó kù làwọn ará Ṣáínà ń pè ní tui shou. Ẹni méjì á kojú ara wọn, wọ́n á fọwọ́ kan ọwọ́. Tí wọ́n bá tì ẹ́, má gan bí igi. Yẹ̀ díẹ̀, kí agbára ẹni yẹn gbé e kọjá lọ. Ṣé fídíò lè tì ẹ́ ni?

3/ Kò kúkú ṣàjèjì. Tí èrò bá pọ̀ ní Ọjà Igbó, tí alárù pariwo "ẹ yàgò!", ìyá tó gbé igbá lérí á kàn yí èjìká, igbá ò ní dà. Àárín èrò ló ti kọ́ ọ.

4/ Wọ́n á ní "obìnrin kì í jà." Odunayo Adekuoroye gba góòlù ìjàkadì ní Commonwealth lọ́dún 2014, 2018 àti 2022. Ṣé òun nìkan ló ń bá ara ẹ̀ jà ni?

5/ Nítorí náà, wá ẹnì kan tó o fọkàn tán, tẹ́ ẹ jọ wúwo bákan náà. Ẹ bọ́ sí gbangba, ẹ má lọ sí kọ̀rọ̀. Òfin kan péré: tẹ́nì kan bá ti sọ pé "ó tó", kí ẹnì kejì dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tí kò bá dúró, má bá a ṣeré mọ́.

6/ Ẹ̀yin ọmọbìnrin, torí èyí ni mo ṣe ń pariwo. Ara yín á kọ́ bí wọ́n ṣe ń tini téèyàn ò fi ní ṣubú. Ẹnu yín á sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé ó tó.