Ta Ni Kóòṣì Ń Le Mọ́?

Láàárọ̀ Sátidé, ẹni tó bá gba Ìyànà Ìpájà lọ sí Àyọ̀bọ̀, tó sì fi Ẹ̀gbẹ́dá ṣe ọ̀nà àbọ̀, yóò rí i pé ilẹ̀ tó bá ti tẹ́jú díẹ̀, àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀. Òmíràn jẹ́ pápá ilé ẹ̀kọ́, òmíràn jẹ́ ilẹ̀ tí onílẹ̀ kò tíì rówó kọ́. Fèrè ń dún, kóòṣì ń pariwo, àwọn òbí mélòó kan sì dúró létí pápá pẹ̀lú omi tútù lọ́wọ́. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, èèyàn tó lé ní 1,270,000 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó tó bá a dé ibẹ̀. Ibi tí èèyàn bá pọ̀ tó báyìí, ọmọ tó fẹ́ fi bọ́ọ̀lù jẹun níbẹ̀ kò lè kéré.

Àríyànjiyàn kan kì í tán lẹ́nu àwọn òbí wọ̀nyí. Ṣé kí kóòṣì le ni, àbí kó lójú àánú? Àwọn kan ní ọmọ tí kóòṣì kò bá jágbe mọ́ kò lè gbọ́n. Àwọn mìíràn ní igbe kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní bọ́ọ̀lù rí. Ẹni tó bá fẹ́ parí ìjà á wá mú òwe àgbà bọnu, pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Òótọ́ ni òwe náà, àmọ́ ọmọ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ mẹ́tàlélógún ló wà lọ́wọ́ kóòṣì, ipò mọ́kànlá ló sì ní láti pín fún wọn. Bó bá ti mú ọ̀kan wọlé, ó ti mú òmíràn jókòó. Nítorí náà, kí a tó béèrè bí kóòṣì ṣe le tó, ó yẹ ká kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń le mọ́, àti ẹni tí líle náà ṣí ọ̀nà fún.

Stephen Keshi, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Big Boss, dáhùn ìbéèrè yìí lọ́dún 2013. Nígbà tó fẹ́ kó ikọ̀ Super Eagles ti Nàìjíríà lọ du Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní South Africa, orúkọ ńláńlá ló fi sílẹ̀ nílé: Osaze Odemwingie, Ọbáfẹ́mi Martins, Taye Taiwo, Yakubu Aiyegbeni. Odemwingie bínú, ó sì tú ìbínú rẹ̀ sórí Twitter. Ariwo gba ìlú. Lára àwọn tí Keshi mú lọ ni Sunday Mba ti Enugu Rangers àti Godfrey Oboabona ti Sunshine Stars Àkúrẹ́, àwọn ọmọ líìgì ilé, níbi tí owó oṣù ti sábà máa ń falẹ̀.

Joseph Yobo tó jẹ́ balógun ikọ̀ bá wọn lọ, ṣùgbọ́n orí bẹ́ǹṣì ló ti wo ọ̀pọ̀ nínú ìdíje náà. Oboabona àti Kenneth Omeruo, ọmọ ọdún 19, ni Keshi fi ṣọ́ àárín ẹ̀yìn. Mba ló gbá góòlù tó lé Côte d'Ivoire lọ sílé, Côte d'Ivoire tí Didier Drogba àti Yaya Touré ń gbá fún. Òun náà ló gbá góòlù kan ṣoṣo tí wọ́n fi lu Burkina Faso ní àṣekágbá ní Johannesburg, lọ́jọ́ 10 oṣù Kejì. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n fọn fèrè ìparí, Keshi mú Yobo wọlé, balógun sì gbé ife sókè ní ọwọ́ ara rẹ̀.

Ohun tí Keshi ṣe fún Yobo lọ́jọ́ yẹn yẹ kí gbogbo kóòṣì rò dáadáa. Kò dá ipò padà fún un, nítorí Oboabona ti gbà á lórí pápá. Síbẹ̀ kò jẹ́ kó kúrò níbẹ̀ bí ẹni tí a lé. Keshi fúnra rẹ̀ ni balógun nígbà tí Nàìjíríà gba ife kan náà ní Tùnísíà lọ́dún 1994, ó sì mọ ohun tó máa ń dun ẹni tó wà nípò yẹn.

Irú líle tó ṣí ọ̀nà fún ọmọdé báyìí ṣẹlẹ̀ lókè òkun pẹ̀lú. Ní oṣù Kejì ọdún 2003, bàtà bọ́ọ̀lù tí Alex Ferguson fi ìbínú ta lẹ́sẹ̀ nínú yàrá ìmúra Manchester United ba David Beckham lókè ojú. Bàtà yẹn kò bójú mu, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí Beckham lọ sí Real Madrid lọ́dún náà, ọmọ ọdún 18 kan tó ń jẹ́ Cristiano Ronaldo ni Ferguson gbé aṣọ nọ́ńbà 7 rẹ̀ wọ̀. Ìbínú kọjá lọ, ọmọdé rí ipò gbà.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni líle Keshi yọrí sí rere. Òun ló mú kí Tógò pegedé fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́, nínú ìdíje ìpegedé tí Emmanuel Adebayor nìkan ti gbá góòlù 11. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006, nígbà Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Íjíbítì, aáwọ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti Adebayor, gbogbo ayé sì gbọ́. Tógò pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n yọ Keshi, Otto Pfister ló sì kó ikọ̀ náà lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Jámánì. Ẹni ńlá ni Keshi dojú kọ nígbà yẹn náà, àmọ́ ta ni ìjà náà ṣe láǹfààní? Kò sí Mba kankan tó ti múra sílẹ̀ láti gba ipò Adebayor. Nígbà tí kóòṣì bá ń le, tí kò sì ní ọmọ mìíràn tó ti kọ́, tó ti fún lókun, gbogbo ikọ̀ ló máa ń forí fá a.

Ẹni tó mọ bí a ṣe ń fi ọmọdé sípò ni Adégbóyè Onígbìndé, ọmọ Modákẹ́kẹ́, olùkọ́ kó tó di kóòṣì. Nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ láti kó Super Eagles lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2002, ikọ̀ náà ti tú ká lẹ́yìn Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Mali. Sunday Oliseh tó jẹ́ balógun kò bá wọn lọ, Finidi George náà kò lọ. Nàìjíríà pàdánù sọ́wọ́ Ajẹntínà àti Swídìn. Lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹfà, ní Osaka, Onígbìndé fi Vincent Enyeama, ọmọ ọdún 19 láti Enyimba, ṣọ́ ilé, ó sì mú Fẹ́mi Ọpábùnmi, ọmọ ọdún 17 láti Shooting Stars Ìbàdàn, wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀. England kò rí góòlù kankan gbá, òmì ló parí sí. Àìsàn ojú ló gé bọ́ọ̀lù Ọpábùnmi kúrú lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n Enyeama ṣọ́ ilé fún Nàìjíríà títí ó fi di balógun.

Ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn Osaka, Enyeama àti Oliseh pàdé. Oliseh ti di kóòṣì Super Eagles. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015, ní ibùdó ìgbaradì ní Belgium, ó gba ipò balógun lọ́wọ́ Enyeama, ó gbé e fún Ahmed Musa. Ìyá Enyeama ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Ọ̀rọ̀ di fàǹfà, kálukú sọ tẹnu rẹ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ 8 oṣù náà, Enyeama kéde pé òun ò gbá fún Nàìjíríà mọ́.

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé kóòṣì kò lẹ́tọ̀ọ́ láti yan balógun tó wù ú. Bí a bá wo orúkọ, Enyeama ni ẹni ńlá jù nínú ikọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀ ti di ọmọ kékeré lọ́sẹ̀ yẹn, oyè yòówù kó ní. Ibí ni iṣẹ́ kóòṣì ti le jù: ẹni ńlá àná lè jẹ́ ẹni kékeré òní, ìpinnu tó bá sì tọ́ lè di ìyà nítorí ọjọ́ tí a mú un wá. Ká ní wọ́n jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá ni, bóyá ọ̀rọ̀ kan náà ì bá wọlé.

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé àánú máa ń sọ kóòṣì di ọ̀lẹ, kó rántí Yẹmí Tella. Olùkọ́ ni òun náà, ní National Institute for Sports ní Sùúrùlérè, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn kóòṣì níṣẹ́. Lọ́dún 2007, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ń bá a fínra, síbẹ̀ ó kó àwọn ọmọ Golden Eaglets lọ sí Korea. Lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n fi pẹnáritì ṣẹ́gun Spain, wọ́n sì gba ife àgbáyé ti àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju 17 lọ. Tella kú lọ́jọ́ 20 oṣù tó tẹ̀ lé e. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ kò dá kò lè fi agbára ẹnu tàbí ti apá darí ọmọ ọdún 17. Ohun tó ti kọ́ wọn tẹ́lẹ̀ ló dúró tì í.

Ká wá padà sí Ìpájà.

Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù kéékèèké tó wà láti Ìpájà dé Ìkòtún àti Ìgàndò, òdìkejì ohun tí Keshi ṣe ló ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ tó fẹsẹ̀ rìn wá láti Àyọ̀bọ̀ nítorí kò rówó ọkọ̀ á pẹ́ dé díẹ̀, kóòṣì á ní kó sáré yí pápá ká títí èémí rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já, á tún bú u lójú ẹgbẹ́. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ra jẹ́sì fún ikọ̀ á sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ní wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á sì sọ jẹ́sì nọ́ńbà 10 sí i. Líle wà níbẹ̀, àánú náà wà níbẹ̀, ẹni tí kò yẹ ni wọ́n ń pín méjèèjì fún.

Kò dáa ká dá kóòṣì nìkan lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní owó oṣù. Bọ́ọ̀lù, kóònù, fèrè, owó pápá, àwọn òbí tó rí já jẹ ló ń gbé e kalẹ̀, ẹni tó bá sì gbé e kalẹ̀ á fẹ́ rí ọmọ rẹ̀ lórí pápá. Kóòṣì tí ebi ń pa kò lè rí ẹnu sọ fún irú òbí bẹ́ẹ̀ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ yín á jókòó lónìí.” Nítorí náà, ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Àyọ̀bọ̀-Ìpájà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Alímọ̀ṣọ́ ní ohun tí wọ́n lè ṣe tí kò ná wọn ní owó ńlá: kí wọ́n máa fún àwọn ikọ̀ ọmọdé tó forúkọ sílẹ̀ ní bọ́ọ̀lù àti àyè pápá, kí wọ́n sì béèrè pé kóòṣì wọn gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kó tó fọwọ́ kan ọmọ ẹlòmíràn. Àpẹẹrẹ ohun tí pápá nítòsí lè mú jáde kò jìn. Lọ́dún 2017, pápá Agége tó wà nítòsí Ìpájà ni MFM FC, lábẹ́ Fidelis Ilechukwu, fi ṣe ilé, tí wọ́n sì ṣe ipò kejì ní líìgì gbogbo Nàìjíríà.

Ní ti kóòṣì, kó kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kó kà á sétí gbogbo òbí: aago tí a ń dé, ohun tó ń mú ọmọ jókòó, àti pé a kì í bú ọmọ lójú ẹgbẹ́. Bí ọmọ bá ń pẹ́ ṣáá, kó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé kó tó fìyà jẹ ẹ́. Òbí tó ra jẹ́sì náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kó sọ fún kóòṣì ní gbangba, lójú àwọn òbí yòókù, pé bí ọmọ òun bá pẹ́ dé, kó jókòó. Lọ́jọ́ tí kóòṣì bá sì ṣe é, kó má fi ìbínú gbé ọmọ rẹ̀ wọ mọ́tò lọ, kó dúró títí eré á fi parí, kó sì pàtẹ́wọ́ fún ọmọ tó wọlé.